Ìrìn Àjò Mi sí Ìlú Àwọn Àìrí Nítorí Ọmọ Màlúù Àwẹ̀ró

Ẹ gbé àpótí yín kúrò lóòrùn, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń ké, kó tètè lọ dá a lóhùn báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀ lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú gàá yìí pé arúgbó ọdẹ ń bu omidùn sínú wàrà ọmọ màlúù. Oyèwùsì tiẹ̀ di imú, ó ní omi ògì tó kan tó báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ gan-an kò ní mu ún. Ó dáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rìn dé nítorí omi tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ di imú yìí.

Èmi ni Ọdẹ́gbèmí. Ẹ má wo orúnkún mi tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Nígbà tí mo wà ní géńdé, èmi àti ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan, a wo ara wa títí ẹfọ̀n fi rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Mo pa ẹkùn méjì lọ́jọ́ kan, mo sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì jẹun ọ̀sán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó bọ́ síta kó wá sọ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi: n kò mọ bí a ti ń bẹ èèyàn.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló mọ ìyẹn. Ó gbẹ̀bí fún obìnrin Fúlàní kan ní ọdún kan tí òjò pọ̀, ọkọ obìnrin náà sì fi abo màlúù kékeré kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró sọ màlúù náà ní Ìmoore. Gbogbo ọmọ tí Ìmoore bí lójú Àwẹ̀ró ló yè, ara wọn ń dán, wọ́n sì ń tètè dàgbà kí a tó tà wọ́n. N kò béèrè ohun tó ń fún wọn jẹ. Ọdẹ wo ló ń béèrè ọ̀rọ̀ ìkòkò lọ́wọ́ obìnrin?

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú Àwẹ̀ró lọ. Àwa méjèèjì kò ní ọmọ tó dúró, nítorí náà èmi nìkan ni mo kù sílé. Níbi òkú rẹ̀, Ìyá Mórẹ́nikẹ́ tí ilé rẹ̀ fi ara ti tèmi, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, ń sunkún gidigidi. Lójijì ló gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ wo ojú ọkọ Àwẹ̀ró. Omijé kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀." Gbogbo èèyàn wò mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ihò kan wà lára ọgbà tó wà láàárín ilé wa, ibẹ̀ ni òun àti Àwẹ̀ró máa ń gbà na igbá sí ara wọn láràárọ̀. Ọjọ́ tí àwọn àlejò òkú tú ká ni mo gé igi ẹlẹ́gùn-ún, mo fi dí ihò náà pa. N kò kí obìnrin náà mọ́ fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún ilé ṣe. Mo bá ìkòkò kan ní igun ilé ìdáná Àwẹ̀ró, ó ń hó ṣìṣì láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì kan. Mo dà á nù. Mo fi eérú àti omi gbígbóná fọ ìkòkò náà títí tí òórùn fi tán pátápátá, mo wá da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ilé mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé sì dákẹ́. Ẹ̀yin ará, mo dá wà débi pé bí mo bá wúkọ́, mo máa ń dúró bóyá ẹnikẹ́ni yóò sọ pé "pẹ̀lẹ́". Ìmoore nìkan ló máa ń ké nígbà tí mo bá wọlé, èmi náà á sì dá a lóhùn.

Ìmoore bímọ. Lọ́jọ́ karùn-ún ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣunú, kò dúró títí tó fi kú. Ó tún bí èkejì, bákan náà ló rí. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, abo ni, n kò sọ ọ́ lórúkọ nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìdí rẹ̀ tú. Mo gún gbogbo èèpo igi kíkorò tí mo mọ̀, mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ìgbẹ́ náà tún wá burú sí i. Mo jókòó tì í. Mo mọ̀ pé bí èyí bá lọ, màlúù arúgbó yìí kò tún ní bímọ mọ́, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi lọ, kò wá ní sí ohùn kankan tí yóò dá mi lóhùn nílé tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀ fún mi.

Ìgbà náà ni Ìmoore la ẹnu. Mo ní ó la ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀! Oyèwùsì, pa ẹnu rẹ dé, màlúù tìrẹ kò ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ ni. Ìmoore ní, "Ọdẹ́gbèmí, o ti pa ìlú kan run nínú ilé yìí. Lọ bá àwọn ìbátan wọn nínú igbó, kí wọ́n fún ọ ní irú wọn. Màá gbé ẹ̀mí ọmọ mi ró fún ọjọ́ méje. Ó parí." Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò tún sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Mo búra fún un pé n kò pa ìlú kankan run. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lá ọmọ rẹ̀.

Mo gbé ìbọn, mo kó ọfọ̀ sẹ́nu, ó di inú Igbó Àìdáhùn. Igi ń mì níbẹ̀, kò dún. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ ewé gbígbẹ, kò dún. Mo ké pe orúkọ ara mi kí igbó lè gba ohùn mi, kò gbà á. Mo ti bá ẹran burúkú pàdé rí, n kò bẹ̀rù tó báyìí. Ní àárín rẹ̀ ni iwin kan jókòó lórí òkìtì ọ̀gán, etí ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹnu kékeré kan ló ní. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìfún mi ní ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí."

Mo sọ ti ẹfọ̀n fún un. Ó ní òun ti gbọ́ ọ. Mo sọ ti ẹkùn méjì. Ó ní kí n wò ó dáadáa, ẹkùn kan ni, èkejì ológbò ńlá ni. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iwin kò mọ ẹkùn.) Mo ki oríkì baba mi dé ìran keje, gbogbo etí yẹn ń sùn. Ó rẹ̀ mí, mo jókòó sílẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Àárò Àwẹ̀ró ń sọ mí."

Gbogbo etí ara iwin náà nà ró. Ó ní, "Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́," ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n n kò yọ̀. Ó dùn mí pé iwin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Iwájú díẹ̀, mo wọ Ìlú Àfọ̀tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe afínjú tó yìí, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Wọ́n ń fọ iṣu kí wọ́n tó bó o, wọ́n á fọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bó o, wọ́n á tún fọ ọ̀bẹ, wọ́n á fọ omi tí wọ́n fi fọ ọ̀bẹ. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń kí ara wọn láti òkèèrè. Afínjú wọ ọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ṣùgbọ́n àwọn afínjú wọ̀nyí kò lágbára àtirìn. Gbogbo wọn ló rù. Gàá wọn dára ju èyí lọ, kò sí ọmọ màlúù kan nínú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni àwọn ọmọ màlúù wọn ń kú, àwọn ará ìlú á sì fọ ojú oórì wọn.

Ọba wọn wò mí láti òkè pẹpẹ. Ó ní, "Ọdẹ, a ti gbọ́ ìròyìn rẹ. Ìwọ ni ọkùnrin tó fọ ìkòkò ìyàwó rẹ̀ títí kò fi sí òórùn obìnrin náà mọ́ nínú ilé. A kò tíì rí afínjú bíi tìrẹ. Wá jẹ igbákejì ọba níbí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀ láti jáde. Òórùn Àwẹ̀ró ni mo rántí, bí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń kan fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láràárọ̀ nígbà tó bá gbé àwo oúnjẹ fún mi. Mo ní n kò fẹ́ oyè. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, wọ́n dì mí lápá, wọ́n gbé omi híhó àti kànìnkànìn wá kí wọ́n lè fọ igbó kúrò lára mi. Wọ́n fọ mí láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán títí awọ ara mi fi ń ta mí bí ata. Nígbà tí wọ́n dúró láti fọ kànìnkànìn náà, mo fò gìjà lórí odi. Bí mo ti fò ó ga tó, n kò ní sọ fún yín, nítorí ẹ̀yin kì í gba òótọ́ gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin mo bá ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà, Oníkùn lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ kò ju agbọ̀n kékeré lọ, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ga tó òkè. Ó ní, "Dáhùn kí o tó kọjá. Ta ló ń bá ọ jẹun lójoojúmọ́ tí o kò rí i, tí o kò kí i, tó sì ń bá ọ lọ oúnjẹ rẹ kúnná?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń bá mi jẹun. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹun láti ọdún méjì."

Oníkùn rẹ́rìn-ín títí èso fi já lára igi. Ó ní, "Ọdẹ́gbèmí, kò sẹ́ni tó ń dá jẹun. Wá yọjú wo inú ìdodo mi."

Mo yọjú. Háà! Ìlú ni mo rí, ìlú tó kún ju ọjà ọdún lọ. Àwọn èèyàn tíńtín ni, wọn kò tó eruku. Àwọn kan ń lọ oúnjẹ, àwọn kan ń mọ ògiri, àwọn kan kàn jókòó sórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin. Mo ní ọ̀lẹ làwọn tó jókòó wọ̀nyẹn. Oníkùn ní, "Àwọn gan-an ni jagunjagun. Àwọn jàǹdùkú kan wà, àwọn àìrí bíi tiwọn, àwọn ló ń mú kí ọmọ ẹran máa ṣunú. A kì í fi ọfà lé jàǹdùkú wọ̀nyẹn. A máa ń jókòó sórí àga kí wọ́n tó dé ni. Bí wọ́n bá dé tí àyè kò sí, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìlú tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ni inú ọmọ màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló ni ín. Ìwọ wá fi egbòogi kíkorò pa jàǹdùkú àti ará ilé pọ̀."

Mo tẹríba. Ó bu díẹ̀ lára àwọn èèyàn rẹ̀ sínú kèrègbè kan fún mi, ó ní, "Fi eèrí ògì bọ́ wọn. Bu wọ́n sínú wàrà ọmọ ẹran náà láràárọ̀, kò gbọdọ̀ gbóná. Iná ni èèwọ̀ wọn. Bí èyí bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ìbátan wọn kan wà tó sún mọ́ ilé rẹ ju ibí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ le ju gbogbo èyí tí o ti rìn lọ."

Mo ní, "Ọ̀nà wo ló le fún Ọdẹ́gbèmí?" N kò tiẹ̀ béèrè ibẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbọ̀ ìrìn àjò náà dùn. Kèrègbè náà ń dún ṣìṣì ní èjìká mi, bí èèyàn púpọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo sọ ti Àwẹ̀ró fún wọn, mo sọ bó ṣe máa ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ bí n kò bá rí ẹran pa. Láti ọdún méjì, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà, ní ọ̀sán gangan, mo dé àtíbàbà mi létí igbó. Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Ohunkóhun tí a bá mú bọ̀ láti inú igbó, a kì í gbé e wọlé láìyan. A ó dá iná, a ó gbé e sórí àjà, èéfín á gbà á, kó má baà bàjẹ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbé kèrègbè náà sórí àjà kí ọkàn mi tó rántí èèwọ̀. Nígbà tí mo rántí, mo tún sọ fún ara mi pé, "Èéfín ni, kì í ṣe iná." Mo fara ti òpó, mo sùn.

Nígbà tí mo jí, kèrègbè náà kò dún mọ́. Mo gbé e sétí. Mo mì ín. Mo pè wọ́n. Ó dákẹ́ bí ilé mi ti dákẹ́ lọ́jọ́ tí mo da ojú ìkòkò Àwẹ̀ró délẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìmoore tó yé mi. Ìlú kejì nìyí tí mo pa run, ọwọ́ kan náà ni mo sì fi pa méjèèjì.

Mo dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ keje. Ọmọ màlúù náà na gbalaja, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìmoore wo kèrègbè tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbé ojú kúrò. Kò sí àyè láti padà sọ́dọ̀ Oníkùn. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé orí ẹran náà lé itan. Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn igi ẹlẹ́gùn-ún tí mo fi dí ihò ọgbà: ṣìṣì, ṣìṣì. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn kan wá, òórùn kíkan, òórùn ọwọ́ ìyàwó mi.

Oyèwùsì, mo rí òwe Sókótó lẹ́nu rẹ. Gbé e mì.

Ìṣísẹ̀ méjìlá ni láti ibi tí mo jókòó dé ọgbà náà. Mo dìde, mo padà. Mo tún dìde, mo tún padà. Mo ń ronú pé obìnrin yìí ló dójú tì mí níwájú gbogbo ìlú. Mo ń ronú pé kí ni màá sọ. Ọmọ màlúù náà mí lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ kó tó tún mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dé ìdí ọgbà, mo la ẹnu, ohùn mi kò jáde bí ohùn ọdẹ.

Mo ní, "Ìyá Mórẹ́nikẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Nǹkan kan já bọ́ lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ta nìyẹn? Ọkọ Àwẹ̀ró, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Ọmọ ẹran ló ń kú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní omi tó ń hó nílé yín yẹn."

Mo rò pé yóò bú mi, ǹ bá sì gbà á. Ó ní, "Ẹ yọ ẹ̀gún yẹn kúrò. Igbá kò lè gba inú ẹ̀gún kọjá."

Ọwọ́ lásán ni mo fi fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó na igbá omidùn sí mi láti inú ihò náà. Mo gbà á, mo béèrè ibi tó ti rí i.

Ó ní, "Ti Àwẹ̀ró ni. Òun ló bu ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tí Mórẹ́nikẹ́ wà ní ọmọ ọwọ́ tó ń ṣunú. Òun ló ń bù sínú wàrà ọmọ ẹran yín náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ tí mo bá pọn ògì, mo máa ń fi díẹ̀ lára ti àná sí ti òní. N kò jẹ́ kó tán rí. Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, ọwọ́ Àwẹ̀ró ṣì wà nínú rẹ̀."

Níbẹ̀ ni mo ti sunkún, ẹ̀yin ará. Mo sunkún ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Ìyá Mórẹ́nikẹ́ yọjú láti inú ihò, ó wò mí. Kò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ dìde, ẹran ń kú lọ."

Mo bù ú sínú wàrà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, ìka mi ni mo fi ń tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Mo bù ú láàárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ìgbẹ́ náà ki. Lọ́jọ́ kẹta ó fọwọ́ ara rẹ̀ dìde, ó ta ìpá, ó da igbá wàrà nù, inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ lórúkọ. Kòtán ni mo pè é. Òun ló ń jẹ koríko lẹ́yìn yín yẹn, ìyá ẹran mẹ́rin, ẹ wo ara rẹ̀ bó ṣe ń dán.

Àwẹ̀ró kò padà. N kò ní purọ́ èyí fún yín, bí mo tilẹ̀ ti purọ́ ẹkùn. Ibi tó máa ń jókòó sí ṣófo di òní, mo sì ń wò ó bí mo bá ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo yí ojú ìkòkò rẹ̀ sókè padà. Láràárọ̀ mo máa ń ṣí i, mo máa ń ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," ó sì máa ń dáhùn ṣìṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń lọ sídìí ihò ọgbà, mo máa ń kí Ìyá Mórẹ́nikẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni mo sọ, ibi tí kò dé, kí ẹlòmíràn rìn ín. Oyèwùsì, tú imú rẹ sílẹ̀. Ọmọ ẹran rẹ tó wà ní igun yẹn ti ń ṣunú láti àná, mo rí i, ojú ló ń tì ọ́ láti sọ. Sáré lọ mú igbá wá kí n bù fún ọ. Má fọ igbá náà jù.